Bàbá ò sanwó, ìjọba ní bàbá lówó: Ìṣòro ọmọ Yorùbá tó fẹ́ kàwé ní ìpínlẹ̀ mìíràn l'Amẹ́ríkà

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ l'Amẹ́ríkà, ọmọ tó bá ti pé ẹni ọdún 18 ti dàgbà lójú òfin. Ó lè dìbò, ó lè wọṣẹ́ ológun, ó lè tọwọ́ bọ̀wé gbèsè tó máa fi ogún ọdún san. Bí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá ní àwọn ò ní san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀kọ́ yunifásítì rẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé ẹjọ́ tó máa fipá mú wọn, àfi láwọn ìpínlẹ̀ mélòó kan tí adájọ́ ti lè dá sí i nígbà tí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ yìí kan náà bá lọ bá ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́, ohun tí wọ́n máa bi í ni pé: èló ni bàbá ẹ ń gbà? Èló ni ìyá ẹ ń gbà? Títí ọmọ náà á fi pé ẹni ọdún 24, owó tó ń wọlé fún òbí ni wọ́n á kà mọ́ tiẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá aláìní ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Òfin kan ní ọmọ ti dàgbà, òbí ò jẹ ẹ́ ní gbèsè mọ́. Òfin kejì ní ọmọ ò tíì dàgbà, kó lọ gbowó lọ́wọ́ òbí. Àárín òfin méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa há sí, ní Houston, ní Atlanta, ní Maryland, ní New York. A kì í sábà sọ ọ́ ní gbangba, torí pé ọ̀rọ̀ àṣírí ilé ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ lónìí.

Torí pé mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òfin, ẹbí ti sọ mí di lọ́yà gbogbo ayé. Kò sí ìwé tí wọn kì í fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mi ò kì í ṣe lọ́yà Amẹ́ríkà, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ìwé òfin ò le jù fún ẹni tó bá ní sùúrù láti kà á. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan pè mí lọ́dún tó kọjá láti Maryland. Ọmọ ogún ọdún ni. Ó ń parí ọdún kejì rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, èyí tí wọ́n ń pè ní community college, máàkì rẹ̀ sì dáa gan-an. Yunifásítì kan ní Texas ti gbà á pé kó wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Dádì ẹ̀ ní òun ò lówó Texas, òun ò sì ní kọ orúkọ òun sórí fọ́ọ̀mù ìjọba kankan. Ohun tó bi mí ni pé: "Àǹtí, ṣé mo lè pe Dádì lẹ́jọ́ ni?"

Mo ní rárá, kò lè pè é lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n mo ní kó jẹ́ ká jókòó ṣírò owó náà ná, torí pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Kí ni wọ́n ń pè ní "ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn"?

Àwa ní Nàìjíríà mọ nǹkan tó jọ ọ́. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìpínlẹ̀ níbí ló ní iye tí ọmọ onílẹ̀ ń san àti iye tí àlejò ń san. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tiwa ń wo ibi tí wọ́n ti bí bàbá ẹ. Ẹni tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, tó dàgbà sí Ìbàdàn, tó ń san owó orí n'Íbàdàn, àlejò ni tó bá jẹ́ pé ọmọ Ondó ni bàbá ẹ̀. Ti Amẹ́ríkà kì í wo orírun. Ibi tó ò ń gbé, tó o ti ń san owó orí, tó o sì fẹ́ máa gbé lọ ni wọ́n ń wò. Àwọn tó ń san owó orí ní ìpínlẹ̀ ló ń gbé yunifásítì ìpínlẹ̀ ró, nítorí náà ọmọ wọn á san owó kékeré, ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn á san owó ńlá.

Báwo ni owó ńlá ọ̀hún ṣe tóbi tó? Àjọ College Board máa ń gbé ìṣirò jáde lọ́dọọdún. Fún ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, ìpíndọ́gba owó iléèwé ní yunifásítì ìjọba fún ọmọ ìpínlẹ̀ jẹ́ dọ́là 11,610. Fún ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn, dọ́là 30,780 ni. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, dọ́là 4,050 péré. Owó iléèwé nìkan nìyẹn o. A ò tíì ka ilé, oúnjẹ, ìwé àti owó ọkọ̀.

Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fi kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò sílẹ̀, tó lọ lo ọdún méjì ní ìpínlẹ̀ mìíràn, á fi nǹkan bíi dọ́là 38,000 san ju ẹni tó dúró sí ìpínlẹ̀ rẹ̀ lọ, kí wọ́n tó jọ gba irú ìwé ẹ̀rí kan náà.

Èló ni ìjọba máa gbé kalẹ̀?

Ọ̀nà tí owó ìjọba àpapọ̀ ń gbà wọlé ni fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní FAFSA. Ọmọ tó bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tàbí tó ní green card lè kọ ọ́. Ẹni tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé láti Nàìjíríà ò lè rí owó kankan gbà níbẹ̀, torí náà ọ̀rọ̀ tiẹ̀ tún yàtọ̀ pátápátá.

Ohun méjì pàtàkì ni ọmọ lè rí nínú FAFSA. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀bùn owó Pell, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní san padà. Iye tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n ń fúnni ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, àti ti 2025 sí 2026, jẹ́ dọ́là 7,395. Ẹni tí owó ilé wọn kéré gan-an ló ń gba gbogbo ẹ̀. Ìkejì ni owó yíyá. Ọmọ tí ìjọba ṣì ń kà mọ́ òbí rẹ̀ lè yá dọ́là 5,500 ní ọdún àkọ́kọ́, 6,500 ní ọdún kejì, 7,500 ní ọdún kẹta àti ìkẹrin, ṣùgbọ́n àpapọ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá 31,000. Ẹni tí wọ́n bá gbà pé ó dá dúró lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ: dọ́là 12,500 ní ọdún kẹta.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ti ọmọ tó ń wọ ọdún kẹta, tí òbí ò fún ní nǹkan kan. Ká sọ pé wọ́n fún un ní Pell pé pérépéré, ó sì yá gbogbo 7,500 rẹ̀. Gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 14,895. Tó bá dúró ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, owó iléèwé 11,610 ti kúrò níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là ó lé díẹ̀ á ṣẹ́ kù tó máa fi rawé. Tó bá lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ó ṣì máa wá dọ́là 15,885 kún un kó tó rí ibi sùn.

Ìyẹn ọmọ tó rí Pell gbà. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ gidi, tí wọn ò fún ní Pell rárá ńkọ́? Ní ìpínlẹ̀ tiẹ̀, lẹ́yìn owó tó yá, dọ́là 4,110 ló kù lọ́rùn ẹ̀. Ní Maryland, owó tó kéré jù lọ tí wọ́n lè san fún òṣìṣẹ́ jẹ́ dọ́là 15 fún wákàtí kan láti oṣù kìíní ọdún 2024. Tó bá ń ṣiṣẹ́ bíi wákàtí 5 ó lé díẹ̀ lọ́sẹ̀ yípo ọdún, ó ti kájú ẹ̀, ká má tíì ka owó orí. Ní ìpínlẹ̀ mìíràn, dọ́là 23,280 ló kù. Iṣẹ́ wákàtí 30 lọ́sẹ̀ nìyẹn, láìsinmi, owó iléèwé nìkan, kò tíì jẹun, kò tíì san owó ilé. Ta ló máa wá lọ sí kíláàsì?

Nígbà tí mo ka iye yìí sétí àbúrò mi, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ní òun lè lọ yá ìyókù ní báńkì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n báńkì ò ní yá ọmọ ogún ọdún tí kò níṣẹ́ lówó láìsí onídùúró. Bí ẹ̀gbọ́n kan bá sì ṣe onídùúró, tọ́mọ ò rí i san, ẹ̀gbọ́n ni báńkì máa dojú kọ. Ìjọba máa ń ro ti ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré nígbà tó bá ń san gbèsè rẹ̀ padà. Báńkì ò jẹ ẹ́ ní irú àánú bẹ́ẹ̀.

Òbí lówó lórí ìwé, kò sí lápò

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn òbí báyìí, mi ò sì wá bú ẹnikẹ́ni. Mo mọ nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ méjì níléèwòsàn méjì. Mo mọ bàbá tó ń wakọ̀ akẹ́rù láti Texas dé California. Tẹ́ ẹ bá wo ìwé owó orí wọn, ẹ ó rò pé olówó ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú owó yẹn ni wọ́n ti ń san ilé tí wọ́n ń gbé, oògùn ìyá tó wà ní Iléṣà, owó iléèwé ọmọ àbúrò tó wà n'Ílọrin, àti símẹ́ǹtì ilé tí wọ́n ń kọ́ sílé. FAFSA kì í béèrè èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025 tí wọ́n ti tún òfin rẹ̀ ṣe, wọn kì í tiẹ̀ fi ti pé ọmọ méjì tàbí mẹ́ta wà ní yunifásítì lẹ́ẹ̀kan náà dín iye tí wọ́n rò pé òbí lè san kù mọ́. Nítorí náà, bàbá tó ní òun ò lówó lè máà parọ́ rárá. Ìjọba tó ní bàbá lówó náà ò parọ́, ohun tó wà nínú ìwé ló rí.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn má lówó, ọ̀tọ̀ ni kó kọ̀ láti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Ibi tí ẹjọ́ mi pẹ̀lú àwọn òbí wa wà nìyí.

Ọ̀pọ̀ òbí wa ló rò pé táwọn bá ti kọ orúkọ sórí FAFSA, àwọn ti gbà láti sanwó nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn rò pé gbèsè ọmọ á di tiwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ náà. Owó tí ọmọ bá yá lórúkọ ara rẹ̀, ọmọ ló jẹ ẹ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́dọ̀ òbí ni kó ṣí àkántì tiẹ̀ lórí ìkànnì ìjọba, kó sì gbà kí iléeṣẹ́ owó orí fi iye tó ń gbà ránṣẹ́ tààrà. Òbí tí kò ní nọ́ńbà Social Security gan-an lè ṣí i. Ọmọ ò tiẹ̀ ní láti rí iye tó wà níbẹ̀, tó bá jẹ́ pé ohun tó ń bà yín lẹ́rù nìyẹn.

Ṣùgbọ́n tí òbí bá kọ̀, ẹ wo nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ̀bùn Pell lọ. Owó yíyá tí ìjọba ń bá ọmọ san èlé rẹ̀ títí tó fi máa jáde níléèwé lọ. Ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ ìpínlẹ̀ àti ti iléèwé fúnra rẹ̀ lọ, torí pé FAFSA ni wọ́n ń wò. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn òṣìṣẹ́ owó ìrànwọ́ níléèwé láṣẹ láti ṣe ni kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ yá owó tí èlé rẹ̀ á máa ga láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìyẹn ni pé òbí ò fowó sílẹ̀, ó tún ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ níta. Ẹ̀yin bàbá, tẹ́ ẹ ò bá lè fún ọmọ lówó, ẹ fún un ní ìbuwọ́lùwé. Ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tí mo sọ fún Dádì Maryland nìyẹn lórí fóònù. Mo kúnlẹ̀ lórí fóònù gan-an, bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò jẹ gbèsè kankan níbẹ̀." Ó gba ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbà. Wọ́n ṣe fọ́ọ̀mù náà. Ọmọ ò rí Pell, torí owó tó wà lórí ìwé Dádì, ṣùgbọ́n ó rí 7,500 yá, ìjọba sì ń bá a san èlé lórí apá kan nínú ẹ̀. Ó fi Texas sílẹ̀, ó wọ yunifásítì ìpínlẹ̀ níbi tó lè wọ bọ́ọ̀sì lọ láti ilé. Inú ẹ̀ ò kọ́kọ́ dùn, mi ò ní parọ́.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Síbẹ̀, àwọn ọmọ kan wà tó gbọ́dọ̀ kúrò. Bóyá ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ ò sí nítòsí, bóyá ilé ò ṣe é gbé. Fún wọn, àwọn ọ̀nà wà tí òfin là kalẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni àdéhùn àárín àwọn ìpínlẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Academic Common Market. Maryland àti Georgia wà nínú ẹ̀. Tí ẹ̀kọ́ tó o fẹ́ kà ò bá sí ní yunifásítì ìjọba ní ìpínlẹ̀ rẹ, o lè lọ kà á ní ìpínlẹ̀ mìíràn tó wà nínú ètò náà, kó o sì san iye tí ọmọ onílé ń san. Àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀ oòrùn ní ti wọn, Western Undergraduate Exchange, níbi tí owó iléèwé kì í ti í kọjá ìlọ́po kan àbọ̀ iye tí ọmọ ìpínlẹ̀ ń san. Àwọn ti àárín gbùngbùn àti ti New England náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè dáadáa, torí pé àwọn iléèwé kan kì í gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti ibòmíì bọ̀ sínú ètò yìí.

Ìkejì ni sikọláṣíìpù tó ń yí ipò padà. Ní Texas, tí yunifásítì ìjọba bá fún ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn ní sikọláṣíìpù ìdíje tó tó dọ́là 1,000 ó kéré tán, òfin fún yunifásítì náà láyè láti gba owó ọmọ ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Iye èèyàn tí wọ́n lè ṣe é fún ní òdiwọ̀n, nítorí náà ẹni tó bá tètè béèrè ló máa rí i. Ẹ rí i pé ẹgbẹ̀rún kan dọ́là yẹn kì í ṣe owó kékeré mọ́.

Ìkẹta wà fún ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò nìkan. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, Phi Theta Kappa, wà káàkiri, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló sì ya owó sọ́tọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ yẹn tó bá ń ṣí wá sọ́dọ̀ wọn. Àjọ Jack Kent Cooke náà máa ń fún àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò tó mọ̀wé gan-an, tí owó ilé wọn ò sì tó, ní owó tó lè tó dọ́là 55,000 lọ́dún. Ìdíje ẹ̀ le, ṣùgbọ́n ọmọ wa ń mọ̀wé.

Ìkẹrin ni kí ọmọ tí wọ́n lé nílé, tàbí tí àárín òun àti òbí ti dàrú pátápátá, lọ bá òṣìṣẹ́ owó ìrànwọ́ iléèwé rẹ̀. Òfin gbà wọ́n láyè láti kà á sí ẹni tó dá dúró, tó bá jẹ́ pé òbí pa á tì, tàbí wọ́n wà lẹ́wọ̀n, tàbí ilé náà léwu. Ọmọ tí kò nílé, tó ń sùn kiri ilé ọ̀rẹ́, ní ọ̀nà tiẹ̀ náà lábẹ́ òfin. Kó mú ẹ̀rí dání: lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ olùkọ́, pásítọ̀ tàbí àlùfáà tó mọ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kó yé yín o: kí òbí kàn ní òun ò sanwó, tàbí kí ọmọ máa dá bọ́ ara rẹ̀, kò tó. Òfin sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní kedere.

Ìkarùn-ún ni sùúrù. Ẹni tó bá ń kàwé lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, ìjọba ti kà á sí ẹni tó dá dúró, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún 21. Kò sí ẹni tó máa béèrè bàbá ẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló sì ń fún irú wọn níṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, tí wọ́n á fojú fo owó iléèwé. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ orúkọ ńlá lè gba oyè àkọ́kọ́ nílé, kó wá gba ìkejì níbi tó wù ú.

Ẹ má yá àdírẹ́sì

Ọ̀nà kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa, mo sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n á ní, "Lo àdírẹ́sì bọ̀ọ̀dá ẹ tó wà ní Georgia." Èyí kì í ṣe ọgbọ́n, jìbìtì ni. Yunifásítì máa ń béèrè ìwé owó orí, ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìwé ilé tó o háyà, ẹ̀rí iṣẹ́. Tí àṣírí bá tú, wọ́n lè gba owó tó kù lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n sì lè lé e. Fún ẹni tó ṣì ń lo green card, irọ́ inú ìwé lè di ọ̀rọ̀ mìíràn nígbà tó bá fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè.

Kíkó lọ gbé ní tòótọ́ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń béèrè oṣù 12. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan lọ́dún 1973, Vlandis pẹ̀lú Kline, lórí òfin Connecticut tó ní ẹni tó bá ti wọlé bí àlejò á jẹ́ àlejò títí tó fi máa jáde. Ilé ẹjọ́ ní ìyẹn ò bófin mu, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un láyè láti fi ẹ̀rí hàn pé òun ti di ará ìlú. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ò ní kí ìpínlẹ̀ má béèrè ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló sì ń sọ pé ibi tí òbí ọmọ tó ṣì wà lábẹ́ wọn ń gbé ni ibùgbé ọmọ. Ẹ rí i pé òbí tún ti yọjú.

Kí n má gbàgbé: kó o tó ṣí lọ ibikíbi, béèrè iye kírẹ́díìtì rẹ tí wọ́n máa gbà, kó o sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀. Lọ́dún 2017, ọ́fíìsì tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò fún ilé aṣòfin Amẹ́ríkà fojú bù ú pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣí kúrò ní iléèwé kan sí òmíràn láàárín ọdún 2004 sí 2009 pàdánù nǹkan bí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún kírẹ́díìtì wọn. Kírẹ́díìtì tó sọnù, owó tó sọnù ni. Ọmọ á tún kíláàsì tó ti kọjá ní dọ́là kékeré san ní dọ́là ńlá. Ó sàn kó dúró níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì ti ní àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ náà, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín ìpínlẹ̀ kan náà.

Èrò tèmi lórí òfin náà

Mo gbà pé ìdí wà tí ìjọba fi ń wo owó òbí. Tí wọn ò bá wò ó, ọmọ olówó náà á pe ara rẹ̀ ní aláìní, owó ò sì ní kárí. Ṣùgbọ́n ọdún 24 ti pẹ́ jù. Ọmọ ọdún 22 tó ti ń sanwó orí fúnra rẹ̀, tó ń san owó ilé fúnra rẹ̀, tí bàbá ẹ̀ sì kọ̀wé pé òun ò fún un ní nǹkan kan, ó yẹ kí òfin rí i bó ṣe jẹ́.

Àwa náà níbí ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Tinubu kọ́kọ́ buwọ́ lù lọ́dún 2023 ní owó ìdílé ọmọ ò gbọdọ̀ tó 500,000 náírà lọ́dún, kó sì mú onídùúró méjì wá. Ariwo ta, torí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ tó máa rí i gbà. Lọ́dún 2024 wọ́n tún un ṣe, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ owó ìdílé kúrò. Èmi ò sọ pé tiwa ti pé, ìṣòro ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé òfin ṣe é tún ṣe tí àwọn tó ń jìyà ẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ Yorùbá tó wà l'Amẹ́ríkà máa ń ṣe àríyá, wọ́n máa ń ṣe ọjọ́ àṣà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ wọn ò lè fi ọjọ́ Sátidé kan jókòó ti àwọn òbí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n bá wọn ṣe fọ́ọ̀mù yìí? Ǹjẹ́ wọn ò lè kọ̀wé sí aṣòfin tó ń ṣojú wọn lórí ọ̀rọ̀ ọdún 24?

Ọmọ tó bá ń ka èyí, má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ iléèwé tàn ẹ́. Ìwé ẹ̀rí ìpínlẹ̀ rẹ tí gbèsè rẹ̀ ò tó nǹkan sàn ju ti òkèèrè tí wàá fi ọdún méjìlélógún san lọ. Òbí tó bá ń kà á, fọ́ọ̀mù náà máa ń jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá lọ́dọọdún. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń pín owó tiwọn tán kí gbèdéke tó pé, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó di oṣù kẹta ọdún kejì kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú.